Ìṣẹ́jú 17: àkọsílẹ̀ bí a ṣe kó tábúlẹ́ẹ̀tì 24 wọ kíláàsì lẹ́bàá Ìwó

Ìṣẹ́jú 40 ni àkókò ẹ̀kọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti kàwé nígbà èwe, ní abúlé kan lẹ́bàá Ìwó ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pín tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin níbẹ̀, mo dúró sí ẹ̀yìn kíláàsì pẹ̀lú aago lọ́wọ́, mo sì rí i pé ìṣẹ́jú 17 ti kọjá kí ọmọ tí ó gbẹ̀yìn tó dé ojú ewé tí olùkọ́ fẹ́ kọ́ wọn. Ó ku 23, inú rẹ̀ náà ni a ó sì ti yọ àkókò tí a ó fi kó ẹ̀rọ padà sí àyè wọn. Ìyá Olùkọ́ kò bínú. Nígbà tí agogo lù tí àwọn ọmọ ti jáde lọ ṣeré, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ṣé báyìí ni a ó máa ṣe é lójoojúmọ́? Pátákó àti ẹfun kì í dá mi dúró tó báyìí.”

Mo kọ 17 sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé iṣẹ́ mi, mo sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi í wọn gbogbo àtúnṣe tí a bá ṣe: bí àtúnṣe kan kò bá dín ìṣẹ́jú yẹn kù, tí kò sì dènà ohun tí yóò tún fi kún un, mo máa ń bi ara mi bóyá ó yẹ kí a ná owó ẹgbẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ lé e lórí.

Ohun tí a ní lọ́wọ́

Àwa tí a ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ náà ni a dá owó jọ, wọ́n sì fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́ nítorí pé iṣẹ́ iná àti àtúnṣe fóònù ni mo ń ṣe jẹun ní Ìbàdàn. Ọmọ 47 ni ó wà ní kíláàsì kẹrin, 41 sì wà ní kíláàsì karùn-ún. Tábúlẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ 26 ni owó wa ká: 24 fún àwọn ọmọ, kí ọmọ méjì máa pín ẹ̀rọ kan lò, àti ọ̀kọ̀ọ̀kan fún olùkọ́ kíláàsì méjèèjì. Ọjà kan ní Èkó ni a ti rà wọ́n. Nígbà tí mo tú wọn wò nílé, bátìrì méjì nínú wọn ti wú, ẹni tí ó tà wọ́n fún wa sì kọ̀ láti gbà wọ́n padà, ni mo bá ra bátìrì tuntun fún méjèèjì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó tẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì tí ó tẹ́jú pẹrẹsẹ kí ó tó sanwó. Èyí tí bátìrì rẹ̀ ti wú yóò máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì kì í ṣe àjèjì ní Ọ̀ṣun. Ní ọdún 2013, nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá wà ní ipò gómìnà, ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà, ìpinnu wọn sì ni láti pín 150,000. Ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ti wà nínú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó lè kà wọ́n. Mo fẹ́ràn orúkọ náà gan-an, nítorí pé láti ara ọpọ́n tí babaláwo ń tẹ Ifá lé ni wọ́n ti mú un. Ní abúlé tiwa, àwọn àgbà tí wọ́n ti lọ ilé-kéú kò pe ẹ̀rọ náà ní ọpọ́n. Wàláà ni wọ́n pè é, wọn kò sì jẹ̀bi, nítorí pé ọmọ a máa gbé e lé itan, a máa kọ nǹkan sí i, a sì máa pa á rẹ́ kí ó lè kọ òmíràn.

Ohun tí a kọ́ lára Ọpọ́n Ìmọ̀ ni pé kí ẹ̀kọ́ ti wà nílẹ̀ kí ọmọ tó dé, kí ó má ṣe dúró de íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí a ti yà sọ́tọ̀ ni pé ẹ̀rọ tiwa kì í lọ sí ilé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni púpọ̀ nínú àwọn tiwa, ilé òmíràn kò ní iná rárá, bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo bá sì ṣì wà nílé ní òwúrọ̀, ọmọ méjì ni yóò jókòó lásán. A tún wo ti ìpínlẹ̀ Ẹdó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ètò àtúnṣe ẹ̀kọ́ EdoBEST ní ọdún 2018, àti ti Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ EKOEXCEL ní ọdún 2020, níbi tí tábúlẹ́ẹ̀tì ti wà lọ́wọ́ olùkọ́ pẹ̀lú ètò ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi fún àwọn olùkọ́ wa méjèèjì ní tiwọn ní oṣù Keje, kí wọ́n ti mọ̀ ọ́n lò kí ọmọ kankan tó fọwọ́ kàn án ní oṣù Kẹsàn-án.

Oṣù Keje: iná

Wáyà iná ìjọba dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n iná fúnra rẹ̀ kì í dé ní àkókò tí a lè fọkàn tẹ̀. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ dábàá jẹnẹrétọ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí pé ọjọ́ tí a bá gbé e dé ni owó epo yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ariwo rẹ̀ yóò sì bo ohùn olùkọ́ mọ́lẹ̀. Sólà ni a fẹnu kò sí.

Mo fẹ́ kọ ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ níhìn-ín kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ má baà máa méfò. Bátìrì tábúlẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 5,000 mAh ní fólítì 3.7, èyí tí ó jẹ́ wáàtì-wákàtí 18.5. Bí gbogbo 24 bá kú pátápátá lọ́jọ́ kan, 444 ni wọn yóò gbà. Bí a bá fi ohun tí ń ṣòfò nínú wáyà àti nínú ẹ̀rọ tí ń yí fólítì padà kún un, ó di nǹkan bí 600. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mẹ́ta péré ni a ń fi wọ́n kọ́ lójúmọ́, wọn kì í sì í lò ju ìdajì bátìrì wọn lọ. Bí a bá ro kọ̀ǹpútà kékeré tí ń pín ẹ̀kọ́ àti ráútà mọ́ ọn, nǹkan bí 400 ni a ń ná lójúmọ́. Pánẹ́ẹ̀lì méjì ni a gbé sórí òrùlé, wáàtì 200 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìgbà òjò tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, mo ṣírò oòrùn gidi sí wákàtí méjì péré lójúmọ́, mo sì yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún òfò. Ó ṣì ku 560, tí ó ju ohun tí a nílò lọ. Bátìrì àgbà kan tí ó jẹ́ fólítì 12 àti ámpíà-wákàtí 200 ni ó ń gba iná náà pamọ́. Wáàtì-wákàtí 2,400 ni ó gbé, ṣùgbọ́n irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ láyé bí a bá ń fà á gbẹ, nítorí náà ìdajì rẹ̀ nìkan ni mo kà sí tiwa, ìdajì yẹn sì tó wa fún ọjọ́ mẹ́ta bí oòrùn kò bá tilẹ̀ yọ.

N kò lo ínfátà. Ínfátà yóò gbé fólítì 12 gòkè sí 220, ṣájà yóò tún fà á wálẹ̀ sí 5, a ó sì pàdánù iná nígbà méjì láti ṣe ohun tí a lè ṣe lẹ́ẹ̀kan. Láti 12 sí 5 tààrà ni mo gbà.

Ibẹ̀ sì ni mo ti ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́. Mo gbé ẹ̀rọ ńlá kan tí ń yí fólítì padà sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì, mo sì na wáyà fólítì 5 láti ibẹ̀ dé inú kọ́bọ́ọ̀dù tí tábúlẹ́ẹ̀tì wà, mítà méje sí i, pẹ̀lú wáyà tín-ín-rín tí a ń pè ní 2.5. Gbogbo ẹ̀rọ ló fi àmì hàn pé iná ń wọlé. Mo dé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo bá èyí tí ó ti wà ní ìdá 31 ní òwúrọ̀ ní ìdá 36. Nígbà tí mo fi mítà wọn iná lórí pẹpẹ ìsàlẹ̀, 4.2 ni mo bá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ 5.1 ló ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Ohun tí ó fà á kò ṣòro: bí fólítì bá ti kéré, ámpíà ni ó máa ń pọ̀ kí iṣẹ́ kan náà lè ṣe, ámpíà tí ó pọ̀ nínú wáyà tí ó tín-ín-rín tí ó sì gùn sì ń jẹ fólítì lójú ọ̀nà. Mo tú gbogbo rẹ̀. Mo na wáyà 6, tí ó nípọn ju 2.5 lọ, láti ara bátìrì dé inú kọ́bọ́ọ̀dù ní fólítì 12, mo fi ẹ̀rọ ayífólítì kékeré kan sí orí pẹpẹ kọ̀ọ̀kan, mo sì fi fíúsì ámpíà 10 ṣọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wáyà tí ó ń gbé fólítì 5 kò gùn tó ìdajì mítà mọ́. Ní ọjọ́ kejì, fólítì 4.9 ni mo bá ní ibi tí ó jìnnà jù, gbogbo ẹ̀rọ sì kún kí oòrùn tó wọ̀.

Oṣù Kẹjọ: kọ́bọ́ọ̀dù

Bàbá Káfíńtà tí ó kan àga ilé-ẹ̀kọ́ náà nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì ni ó kan kọ́bọ́ọ̀dù yìí. Pẹpẹ mẹ́ta ni ó ní, àyè mẹ́jọ lórí pẹpẹ kọ̀ọ̀kan, tí tábúlẹ́ẹ̀tì yóò dúró ní òró nínú rẹ̀ bí àwo nínú agbọ̀n. Àgádágodo méjì ni ó wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní kọ́kọ́rọ́ kan, olùkọ́ kíláàsì ní ìkejì.

A tì í ní ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́, iná ń wọ ẹ̀rọ 24 lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì fi ìwọ̀n ooru sínú rẹ̀: ó dé 47 lórí ìwọ̀n Celsius. Bátìrì lítíọ́mù kò gbọ́dọ̀ máa gba iná bí ooru bá ti ju 45 lọ. Ọjọ́ ayé rẹ̀ a máa kúrú, ó sì léwu. Bàbá Káfíńtà lu ihò sí ìsàlẹ̀ àti òkè ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì so fáànù kékeré méjì tí ó ń lo fólítì 12 mọ́ òkè kí ó máa fa ooru jáde. Ooru náà wálẹ̀ sí 38. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ọmọọlé gba inú ihò wọlé, ó sì kú sáàárín irin ẹ̀rọ ayífólítì kan, fíúsì rẹ̀ sì já. Inú mi dùn sí fíúsì náà lọ́jọ́ yẹn. A ti fi nẹ́ẹ̀tì wáyà bo gbogbo ihò láti ìgbà náà.

Kọ̀ǹpútà tí ń pín ẹ̀kọ́

Raspberry Pi 4 ni, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kolibri, ètò ìkọ́ni tí àjọ Learning Equality ṣe, ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé a lè gbé fídíò, ìwé àti ìdánrawò sínú rẹ̀ láti orí fúláàṣì, kí àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì sì máa kà wọ́n lórí Wi-Fi kíláàsì láìsí íntánẹ́ẹ̀tì kankan. Ìdí kejì ni pé a lè yí ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ padà sí Yorùbá. Mo fi Kiwix, ètò tí a fi ń ka Wikipedia láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, sí i pẹ̀lú, kí Wikipedia Yorùbá lè wà nínú kíláàsì.

Ohun méjì ni ó bàjẹ́ níbẹ̀ láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́, orísun kan náà sì ni wọ́n ní: bí a ṣe ń pa á. Raspberry Pi 4 kò ní aago tí ń rìn nígbà tí a bá pa á. Íntánẹ́ẹ̀tì ni ó máa ń bi léèrè àkókò, bẹ́ẹ̀ àwa kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ṣe ní ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun a máa wà lábẹ́ ọjọ́ kan náà, Ìyá Olùkọ́ kò sì lè mọ ẹni tí kò wá. Èkejì ni pé wọ́n máa ń yọ wáyà rẹ̀ lójijì bí iṣẹ́ bá parí, títí ìwé inú káàdì rẹ̀ fi bàjẹ́ ní ọjọ́ kan tí kò sì tan mọ́. Mo so aago DS3231 mọ́ ọn, èyí tí bátìrì bí owó ẹyọ ń gbé ró fún ọdún púpọ̀, mo sì kó ohun gbogbo kúrò nínú káàdì sí orí SSD, ibi ìpamọ́ tí ó lágbára ju káàdì lọ. Bí aago rẹ̀ ti wá tọ́ báyìí, mo lè pàṣẹ fún un pé kí ó máa pa ara rẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́ ní aago méjì ọ̀sán. Ẹnikẹ́ni kò ní láti rántí mọ́.

Oṣù Kẹsàn-án sí Kọkànlá: ibi tí ìṣẹ́jú 17 lọ

Mo padà lọ jókòó nínú kíláàsì ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́, mo sì ń kọ ìdúró kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Pípín ẹ̀rọ gba 5. Wíwọ Wi-Fi gba 7. Wíwọlé sínú Kolibri àti wíwá ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà rí gba 5.

Ti Wi-Fi ni ó dùn mí jù, nítorí pé mo ti dán an wò nílé, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tábúlẹ́ẹ̀tì márùn-ún ni mo fi dán an wò. Wi-Fi inú Raspberry Pi fúnra rẹ̀ ni mo lò, bí ẹ̀rọ tí ó so mọ́ ọn bá sì ti tó mẹ́wàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já àwọn kan sílẹ̀. Ọmọ tí tirẹ̀ já a máa na ọwọ́ sókè, olùkọ́ a máa lọ bá a, tí wọ́n bá so ó padà, ti ọmọ mìíràn a já. Mo ra ráútà tí a ṣe fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, mo gbé e sí àárín ògiri kíláàsì ní òkè orí àwọn ọmọ, ìjá náà sì dópin.

Síbẹ̀ 7 di 4 péré. Ohun tí ó kù ni ìbéèrè kan tí Android, ètò tí ó ń darí àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì náà, ń béèrè. Bí tábúlẹ́ẹ̀tì bá ti wọ Wi-Fi, ó máa ń ránṣẹ́ sí íntánẹ́ẹ̀tì láti mọ̀ bóyá ọ̀nà ṣí. Bí kò bá gba ìdáhùn, yóò gbé àpótí kan jáde tí ó ń béèrè ní èdè Gẹ̀ẹ́sì bóyá ẹni tí ó ń lò ó ṣì fẹ́ dúró lórí Wi-Fi tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì yìí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kò mọ ohun tí ìbéèrè náà ń wí. Ìdajì wọn tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ìdajì tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn tí ó sì tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́ bọ́ sóde. Mo so ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ́ kọ̀ǹpútà mi ní òpin ọ̀sẹ̀, mo sì fún un ní àṣẹ settings put global captive_portal_mode 0, kí ó má ṣe yẹ ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì wò mọ́. Ìṣẹ́jú méjì-méjì ni iṣẹ́ náà gbà lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, kò sí ìdúró kankan mọ́ lórí Wi-Fi. Tábúlẹ́ẹ̀tì a ti so mọ́ ọn kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ.

Ti wíwọlé rọrùn ju bí mo ti rò lọ. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ ìwọlé sí orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń gbàgbé rẹ̀. Kolibri fi àyè sílẹ̀ kí ọmọ wọlé pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ nìkan, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá Olùkọ́ náà sì kọ́ bí a ṣe ń to ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ṣáájú lórí tábúlẹ́ẹ̀tì tiwọn, tí ó fi jẹ́ pé bí ọmọ bá ti wọlé, ẹ̀kọ́ yẹn ni yóò kọ́kọ́ bá lójú. 5 di 2.

Ìyá Olùkọ́ fúnra wọn ni ó tún ti pípín ṣe, n kò sì lè ronú kàn án láéláé. Mo ti ń wá ọ̀nà láti fi ẹ̀rọ yanjú rẹ̀. Wọ́n kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn tábúlẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ nọ́ńbà kan náà sí orí tábìlì àwọn ọmọ méjì tí ó ni ín, wọ́n sì yan olórí fún ọ̀wọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ kọ̀ọ̀kan. Bàbá Káfíńtà kan pẹpẹ ìgbérù mẹ́ta tí ó gba mẹ́jọ-mẹ́jọ. Bí agogo ẹ̀kọ́ tí ó ṣáájú bá ti fẹ́ lù, àwọn olórí mẹ́ta a ti wà lẹ́nu kọ́bọ́ọ̀dù. Ìṣẹ́jú 2 ni.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan ní oṣù Kọkànlá, mo tún dúró sí ẹ̀yìn kíláàsì pẹ̀lú aago mi. Ìṣẹ́jú 4. Mo fi aago náà han Ìyá Olùkọ́ láti òkèèrè, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n sì ń bá ẹ̀kọ́ wọn lọ.

Èdè

Ìṣẹ́jú tí a rí gbà padà yẹn ni ó jẹ́ kí a rí ohun tí ó tún kù, tí n kì bá tí rí. Ẹ̀kọ́ nípa ìdá ni wọ́n ń kọ́. Fídíò náà dára, àwòrán rẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yára, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ ti ibòmíràn. Àwọn ọmọ ń wò ó tìyanutìyanu. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìdánrawò, mo rí i pé wọ́n ń tẹ ìdáhùn kan tẹ̀ lé òmíràn títí ẹ̀rọ yóò fi gbà. Ẹ̀rọ kọ 100 sí iwájú orúkọ wọn. Ìyá Olùkọ́ pe ọmọkùnrin kan, wọ́n fi ẹfun ya iṣu sórí pátákó, wọ́n ní kí ó gé e sí mẹ́rin kí ó sì fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin hàn wọ́n. Ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n.

Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ ìṣẹ́jú 17 lọ. Wáyà pé, Wi-Fi pé, ẹ̀kọ́ kò wọlé.

Ìyá Olùkọ́ ni ó dábàá pé kí àwọn gba ohùn ara wọn sílẹ̀. Ní ọ̀sán, lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ bá parí, wọ́n a máa jókòó nínú yàrá ọ̀gá, tí wọ́n ti fèrèsé nítorí ariwo, wọ́n a sì máa sọ ẹ̀kọ́ náà ní Yorùbá fún ìṣẹ́jú mẹ́ta: iṣu tí a gé, ọsàn tí a pín fún ọmọ mẹ́ta, ìlàjì gàrí nínú kóńgò. Mo gba àwọn ohùn náà lọ sí Ìbàdàn, níbi tí mo ti ní íntánẹ́ẹ̀tì, mo tò wọ́n sínú Kolibri Studio, ibi tí a ti ń ṣètò ẹ̀kọ́ fún Kolibri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àwòrán àti ìdánrawò tiwa, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ padà wá lórí fúláàṣì. Ọmọ a kọ́kọ́ gbọ́ ohùn olùkọ́ rẹ̀, kí ó tó wo fídíò Gẹ̀ẹ́sì. Ìdánrawò tiwa sì ń béèrè pé kí ó to nǹkan jọ, kì í ṣe kí ó yan ọ̀kan nínú mẹ́rin. Ẹ̀kọ́ 19 ni a ti ṣe báyìí. Olùkọ́ kíláàsì karùn-ún ti ń gba tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú.

Àmì ohùn fún wa ní wàhálà díẹ̀. Lórí Android àtijọ́ tí ó wà nínú mẹ́fà lára àwọn ẹ̀rọ wa, àmì tí ó yẹ kí ó wà lórí ẹ́ tàbí ọ́ a máa yọ̀ lọ sórí lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ibòmíràn a sì di àpótí kékeré ṣófo. Mo fi irú lẹ́tà tí a ń pè ní Noto sínú ìwé tiwa kọ̀ọ̀kan kí ó má ṣe gbára lé ti inú ẹ̀rọ, ìyẹn sì yanjú rẹ̀. N kò gbà kí a yọ àmì náà kúrò bí ẹnì kan ti dábàá. Ọmọ tí ó ń kọ́ láti kàwé ni ó nílò rẹ̀ jù: ọkọ́, ọkọ̀ àti ọkọ kì í ṣe ohun kan náà, kò sì yẹ kí ẹ̀rọ tí a fi owó rà wá sọ wọ́n di ọ̀kan.

Fún kíkọ, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ti Gboard ni a fi sí gbogbo wọn. Ó tó.

Oṣù Kejìlá sí Kejì: ọyẹ́

Eruku ọyẹ́ bo pánẹ́ẹ̀lì débi pé iná tí ń wọlé ní ọ̀sán dín kù gidigidi kí a tó mọ ohun tí ó fà á. Ẹ̀ṣọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ń fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù wọ́n ní òròòwúrọ̀ ọjọ́ Ajé báyìí, kí oòrùn tó mú.

Ihò ṣájà ni ó ń bàjẹ́ jù lára tábúlẹ́ẹ̀tì fúnra wọn, nítorí pé irú èyí tí ó kéré tí ó sì ní ọ̀nà kan ṣoṣo ni, ọmọ tí ó ń yára a sì máa ki i sí òdìkejì. Mo ti pààrọ̀ mẹ́rin. Láti ìgbà tí a ti sọ fún àwọn olórí ọ̀wọ́ pé àwọn nìkan ni kí ó máa ki wáyà bọ̀ ọ́, tí mo sì fi ọ̀dà funfun sàmì sí òkè wáyà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan péré ni ó tún ti bàjẹ́.

Ọmọ méjì lórí ẹ̀rọ kan ṣì ń fa ìjà. Ìyá Olùkọ́ ń pàtẹ́wọ́ ní ìṣẹ́jú 18 lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó ń wò a sì gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń tẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n ọmọ 47 ni wọ́n, tábìlì kan sì ní ọmọ kan ṣoṣo, tí kò ní ẹni tí yóò bá a fikùn lukùn. Mo rò pé kí a fi í ṣe ẹni kẹta níbòmíràn ju kí ó dá wà lọ. Ìyá Olùkọ́ kò tí ì gbà.

Iṣẹ́ tí ó wà níwájú mi ni tábúlẹ́ẹ̀tì nọ́ńbà 7, tí ihò rẹ̀ ti fẹ̀, tí kò sì gba iná mọ́ àfi bí a bá tẹ wáyà rẹ̀ sápá kan. Ihò tuntun rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo ń lọ, kí àwọn ọmọ méjì tí ó ni ín lè bá a nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní ọjọ́ Ajé.